Hóró Kan Láràárọ̀

Ìyá Ṣàkírù fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ní àdúgbò wọn l'Ẹ́jìgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ kókó ọyàn Mùínàt n'Íbàdàn lọ́dún 1993, òun ló sùn tì í ní wọ́ọ̀dù, torí Ṣàkírù wà lẹ́nu òwò ní Àbíjàn.

Kí wọ́n tó padà sílé, Dókítà Ìbíyẹmí pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Ẹ má wò ó pé a ti yọ kókó náà," ló wí. "Jẹjẹrẹ gbọ́n. Kí ó tó ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, á ti kọ́kọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n bá a ro ilẹ̀ sílẹ̀, bí àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin iṣu. Oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbà á. Kó máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún díẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Kó má jẹ́ kó já a láyà."

"Oyún ńkọ́, dókítà?"

"Kò gbọdọ̀ lóyún títí yóò fi lò ó tán, Ìyá."

Mùínàt, tí kò tíì bímọ kankan, bú sẹ́kún. Ìyá fà á mọ́ra.

"Dákẹ́, ìyàwó mi. Ẹ̀mí ló ń ṣáájú ọmọ."

Ṣàkírù ń ra oògùn náà ní Àbíjàn, ó ń fi rán àwọn tó ń bọ̀ wálé. Ìyá ló ń gbà á tọ́jú. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á fi hóró kan sí Mùínàt látẹ́lẹwọ́, á sì dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Ìyá ọkọ mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Orí ìkúnlẹ̀ ni Mùínàt ti ń dúpẹ́.

"Àwọn ará Àbíjàn yìí, Ìyá! Wọ́n tún fi ṣúgà sí oògùn."

Ìyá á rẹ́rìn-ín.

Ṣàkírù wálé wá ṣọdún Iléyá. Lẹ́yìn tó padà, nǹkan oṣù Mùínàt dáwọ́ dúró. Dókítà kúkú ti wí bẹ́ẹ̀, kò já a láyà. Ikọ́ tó tẹ̀lé e ló gbé e padà sí Ìbàdàn.

Dókítà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó sì wo fọ́tò àyà rẹ̀ pẹ́. Ó ní Mùínàt ti lóyún, àìsàn náà sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

"Ṣé o dá oògùn yẹn dúró ni?"

"Rárá o, sà. Ìyá ọkọ mi ló ń fi sí mi lọ́wọ́ láràárọ̀."

"A jẹ́ pé oògùn ló já wa kulẹ̀."

Mùínàt sunkún dé Ẹjìgbò. Ẹ̀rù ikú ń bà á. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, ó ní òun lóyún, ṣùgbọ́n kó tó sọ ìyókù, Ìyá ti fò sókè, ó ti sáré wọ yàrá, ó ti kó gbogbo páálí oògùn Àbíjàn jáde, tí a kò tíì tú ìdè wọn, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀: "Alihamudulilai! Fítámì lásán ni mo ti ń fún ọ kí oyún lè ráyè dúró, ìyàwó mi. Ó yá, wá bẹ̀rẹ̀ èyí tí dókítà wí."