Wọn Kì Í Fi Ránṣẹ́ sí Nàìjíríà

Nọ́ọ̀sì ní kí Olúrántí má pọn Ìlérí mọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, kò tíì rìn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ní bẹ́líìtì ni wọ́n ní kó wá, èyí tí wọ́n ń tì, tí ọmọ lè jókòó sí kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Olúrántí wá a títí dé Mile 12, kò rí i. Ọ̀kan tó rí ní Kétu, táyà rẹ̀ kan ti yọ, kò sì ní bẹ́líìtì.

Ó gbé ọmọ sọ́wọ́, ó lọ sí kafé kọ̀ǹpútà kan ní Ìkòsì. Success, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, bá a ṣí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará London ti ń ta ohun tí wọ́n ti lò. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n yan ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n mú orílẹ̀-èdè tí ọjà ń lọ. Success wo orúkọ wọn láti òkè délẹ̀.

"Aunty, kò sí Nàìjíríà níbẹ̀ o."

"Tún un wò."

"Mo ti wò ó. Ghana gan-an ò sí níbẹ̀."

Wọ́n kọ̀wé sí ẹni méjì tó ń tà. Ẹni àkọ́kọ́ ò dáhùn. Èkejì ní òun kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, kí wọ́n jọ̀ọ́ má kọ̀wé sí òun mọ́.

"Ẹ ò ní ẹnì kankan ní London ni?" Success bi í.

"Ọkọ mi wà níbẹ̀."

"Haa, Aunty! Ẹ ní ọkọ ní London, ẹ wá ń fi ọmọ já ara yín lápá?"

Akóredé, ọkọ rẹ̀, ti lọ kí wọ́n tó bí Ìlérí. Ó ní òun àti ọkùnrin mẹ́ta ni àwọn jọ ń gbé yàrá kan. Ọjọ́ Sunday ló máa ń pè, láti ìta, nítorí àwọn yẹn kì í fẹ́ ariwo. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni kò tíì jáde, ì bá ti wá wo ọmọ. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló ń fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́, aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ díẹ̀, tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, tó sì máa ń bá Ìlérí mu rẹ́gí. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára páálí aṣọ tọdún yìí. Olúrántí ti kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lò ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà.

Success tẹ pósíkóòdù tó wà nínú àdírẹ́sì náà, kó lè rí kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ. Ọ̀kan jáde. Bẹ́líìtì wà lára rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì le. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy ló ni ín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbé e nílé òun.

"Ìtòsí wọn gan-an ni," Success ní. "Bí Dorothy yìí bá sín, Daddy Ìlérí á gbọ́."

Olúrántí rẹ́rìn-ín. Ó fẹnu ko orí ọmọ. "Ìlérí, ìwọ náà máa ní mọ́tò tìẹ."

Wọ́n kọ̀wé sí Dorothy. Lọ́jọ́ kejì, ó fèsì pé kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà. Ta ló ń bọ̀ wá gbé e? Olúrántí fúnra rẹ̀ ló tẹ èsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Success ń tún un ṣe. Ó ní ọkọ òun ni, Akóredé Ṣóbọ̀wálé. Ó ní ọmọ àwọn, Ìlérí, ni àwọn fẹ́ rà á fún, kò lè rìn. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ilé yín."

Ó pe Akóredé kó lè sọ fún un. Kò gbé fóònù. Kò burú, Sunday ti ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, kò pè.

Ní Monday, Olúrántí tún gbé ọmọ dé kafé. Èsì ti dé. Success kà á, ó sì rọra dìde kúrò lórí àga kí Olúrántí lè jókòó.

"Mo rò pé àṣìṣe wà níbẹ̀," ni Dorothy kọ, "torí ọkọ mi ló ń jẹ́ Akóredé Ṣóbọ̀wálé, ọmọ wa ló ń lo kẹ̀kẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, mo sì ti bi í léèrè, ó ní òun ò mọ ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ìlérí."