Páásíwọ́ọ̀dù Bàbá Ògúnkọ̀yà

Láràárọ̀, kí kọ̀ǹpútà kankan tó lè ṣiṣẹ́ ní ilé ìdánrawò kan ní Àràmọkọ, Túnmiṣe, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Ògúnkọ̀yà lẹ́yìnkùlé. Bàbá ló ni ilé ìdánrawò náà. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ àkọsílẹ̀ àṣẹ tó ń jí gbogbo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àkọsílẹ̀ náà bá dé ibi sudo, àṣẹ tó ń fi agbára ọ̀gá ṣiṣẹ́, yóò dúró gbagidi, yóò ní kí wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá kì í kánjú. Yóò kí gbogbo ilé, yóò bi ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ pé, "Ọmọ ulé isi ni ọ́?" yóò sì ki oríkì ilé tí ọmọ náà bá dárúkọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ jígí ojú rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Gbogbo wọn á kọ ẹ̀yìn sí i, torí ọmọlúàbí kì í yọjú wo ẹrù àgbà. Bàbá ò sì ṣì í tẹ̀ rí.

"Bàbá, ẹ kúkú fún mi sà, kí ẹ lè máa sinmi."

"Ìsinmi kí ni? Ìwọ ṣáà máa pè mí."

Ní Sátidé ìdánwò, Bàbá wà ní Adó fún iṣẹ́ abẹ ojú, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ogójì ọmọ ti jókòó. Ìyá kan láti Ìkọ̀rọ̀ ti ń sọ pé ilé ìdánwò mìíràn ní Ìjerò lòun ń mú ọmọ òun lọ, àwọn òbí yòókù sì ń mi orí. Túnmiṣe sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó rántí Màmá Àbíkẹ́, ìyàwó Bàbá tó ti di olóògbé, ó tẹ "abike". Gbogbo ẹ̀rọ jí. Àánú Bàbá ṣe é débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá dé, Túnmiṣe kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Bàbá ní kó dìde. "O gbọ́n o," ó ní. "Mà á pààrọ̀ rẹ̀."

Ó jókòó, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án, iná lọ, iná dé. Túnmiṣe gbàgbé, ó tún tẹ "abike", gbogbo ẹ̀rọ sì tún jí.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé sudo ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ìlà kan tí Bàbá fi kún un lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Màmá Àbíkẹ́ ló ń béèrè, tó sì ń da ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ nù. Ó pa á dé, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá pé kó wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù.