A Kì Í Gbé E ní Tútù Lọ Sọ́nà Jíjìn

"Màmá, mi ò gbé e lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni kó wà," ni arìnrìn-àjò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró létí afárá pákó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni arìnrìn-àjò náà ti ń rò ó bóyá kóun gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan òun dání lọ sí Kánádà. Inú kọ̀ǹpútà náà ni ohùn bàbá rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ wà, níbi tó ti ń kọrin nídìí àwọ̀n. Ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí òkun tó gba ojú omi táwọn elépo rọ̀bì gbẹ́ ya wọ abúlé ti gbé ibojì bàbá náà lọ. Ta ló sì ni ohùn ọ̀hún ju opó rẹ̀ lọ?

"Níbo lẹ gbé e sí, Màmá?"

"Omi òkun tó wọlé lánàá ló rin ín, ni mo bá gbé e sórí wáyà tí mo fi ń yan ẹja lórí iná. Ṣé a máa ń gbé ẹja tútù lọ sọ́nà jíjìn ni?"

Arìnrìn-àjò sáré dé ilé ìdáná. Láàárín ẹja yíyan ni kọ̀ǹpútà náà wà, abẹ́ rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú kirikiri, kò tàn.

"Ṣé ó ti gbẹ?" Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Arìnrìn-àjò yára fi abẹ́ kọ̀ǹpútà tó yọ́ mọ́yà, kí ìyá má bàa rí i.

"Ó gbẹ dáadáa, Màmá. Ẹ ṣeun. Mo máa gbé e lọ."

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Tí bàbá rẹ bá ti ń kọrin lọ́hùn-ún, pè mí, kó o gbé fóònù sí i lẹ́nu, kí èmi náà gbọ́."