Ẹja Ìgbéyàwó Malati

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ sá lọ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun ọ̀sìn, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn ju ẹ̀mí yín lọ, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Nibaran ń gbé lábúlé kan ní Bengal, nílẹ̀ Íńdíà, níbi tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló ní adágún ẹja lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó ẹ̀ ti kú, Malati nìkan ló bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ Malati, Nibaran fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn àna pé ẹja rui tí òun máa fi ránṣẹ́ sílé ọkọ, èyí tí wọ́n máa ń da aṣọ pupa bò bí ìyàwó, inú adágún òun ló ti máa jáde, wọn ò sì tíì rí irú ẹ̀ rí.

Kò parọ́. Ọdún kẹta rèé tó ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ẹja náà. Tó bá ti fọwọ́ gbá omi báyìí, ẹja á yọjú.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyà Nibaran bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí ẹyẹ bá gbé e ńkọ́? Bí olè bá rí i ńkọ́? Ó lọ kó ojú oró wá, ó fi bo adágún láti etí kan dé èkejì. Èérí ìrẹsì tó ń fún àwọn ẹja inú ẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Khanto, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, yọjú wò ó. "Nibaran, ṣé o fẹ́ sin ẹja láàyè ni? Jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ rí omi yẹn! Tójú ọjọ́ bá sì ṣú, má fún wọn lóúnjẹ rárá. Kì í dà nínú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí yín ni. Ẹja tí wọ́n gbé tẹ̀lé yín lọ sílé ọkọ, mo gbọ́ pé kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

Khanto bú sẹ́rìn-ín. "Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i jẹ!"

Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, òjò ṣú, kò rọ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́. Nibaran bọ́ ẹja ní àbọ́yó. Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹja ti yọ orí sáàárín ojú oró, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Àánú wọn ṣe Nibaran débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Háà! Ebi ń pa àwọn ọmọ mi!" Ó da odindi agbọ̀n èérí sí i.

"Bàbá, wọn ò jẹ ẹ́," ni Malati wí.

"Wọ́n á jẹ ẹ́. Ṣé kí n wá febi pa ẹja tìẹ ni?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ikùn funfun ló kún ojú omi. Kò ku ẹyọ kan. Omi ti ń rùn. Nibaran kó sínú ẹrẹ̀, ó gbá ẹja rui ńlá yẹn mọ́yà, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Khanto sáré dé, ó rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ọ̀bẹ là á nínú. Èérí ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu, kò tíì dà.

"Àbúrò mi, wò ó. Ṣé ikùn ẹni tébi ń pa rèé?"

Nibaran fọwọ́ bu èérí náà wò. Malati jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Bàbá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ yín."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹja kékeré kan tí wọ́n rà lọ́jà ni Malati fọwọ́ ara ẹ̀ da aṣọ pupa bò. Àwọn àna fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ṣùgbọ́n títí dòní, Nibaran ò lè jókòó sétí adágún yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bú Nibaran o, ìfẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ṣáà kìlọ̀ fún ara yín. Kẹ́ ẹ tó bo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó fún un ní àfikún, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń fẹ́. Tí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó gbọ́.