Ta Ló Tẹ Rédíò Mọ́lẹ̀?

Lorna pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò tiẹ̀ ráyè bọ́ bàtà yìnyín tó ki pọ́pọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ó ń wo ìsàlẹ̀ láti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú. Bàálù kan dúró gbagidi lórí ọ̀nà ìbalẹ̀, òmíràn sì ń bọ̀ wá bà síbẹ̀.

"Ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" ló pariwo sínú rédíò.

Kò sẹ́ni tó fèsì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀, ẹ má bà o! Ẹ padà sókè!"

Kẹ́kẹ́ pa.

Ṣùgbọ́n bàálù kejì gbéra padà sókè.

Họ́wù! Wọ́n ń gbọ́!

Ó yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: "Gordie, òpònú awakọ̀ kan ló tẹ rédíò ẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Ẹni kan ṣoṣo ni rédíò ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ tí kò tú u sílẹ̀, gbogbo yòókù ya odi nìyẹn.

"Ìwọ awakọ̀ yẹn, ta ni ẹ́? Màá gba ìwé àṣẹ ẹ lónìí!"

Ilẹ̀ ni Gordie ń wò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa bàtà yìnyín Lorna kúrò lórí irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ohùn awakọ̀ bú jáde láti orí ọ̀nà ìbalẹ̀:

"...èéfín ti kún inú bàálù wa! Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà kẹwàá rèé tá a ń pè yín!"