Ọkọ̀ Alága Kò Gbọdọ̀ Tutù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì jẹ́ alága ẹgbẹ́ kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣe àkóso eré ọkọ̀ alájẹ̀ lórí odò. Àwọn ló ń sọ ọkọ̀ tó lè díje àti èyí tí kò lè díje. Pákó ni wọ́n fi ń kan gbogbo ọkọ̀ wọn, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé pákó tó bá gbẹ máa ń súnkì, àlàfo a sì wà láàárín èyí àti èkejì. Ìdí nìyẹn tí òfin tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà fi ní, bí ọjọ́ eré bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ omi. Wọn á kó òkúta sínú wọn, wọn á rì wọ́n sétí odò, kí igi lè mu omi yó, kí ó wú, kí ojú ìpàdé pákó sì pa dé. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò bá mu omi ṣáájú, ọjọ́ eré ni yóò mu ún.

Alága mọ òfin yìí dáadáa. Nígbà èwe rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ darí tó o. Òun gan-an ló kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe ń to òkúta sínú ọkọ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ lórí àga débi pé Alága Títí Ayé ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé oríkì ni.

2.

Lọ́dún yẹn, àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ wá wòran. Alága ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tuntun. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, òun fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọ̀dà náà ṣì wà ní èékánná àtàńpàkò rẹ̀ nígbà tó pe ìpàdé.

Yàrá ìpàdé wọn wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta okùn. Ife ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà láyé àtijọ́ ni wọ́n ń kó bírò sí. Níbẹ̀ ni Alága ti kéde pé wọn kò ní rì ọkọ̀ òun, nítorí omi odò yóò ba ọ̀dà jẹ́. Akọ̀wé wọn, tí wọ́n ń pè ní Gẹ́gẹ́-Bí torí pé kò lè sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ sọ pé "gẹ́gẹ́ bí Alága ṣe wí", mi orí títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sí orí imú.

Àbúrò Alága dìde. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, iná ti ta sí i lápá káàkiri. Òun ni olórí àwọn obìnrin tí yóò wa ọkọ̀ náà, ọdún yẹn gan-an ni obìnrin yóò sì kọ́kọ́ wà nínú eré ńlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ó wí. "Mi ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ gbígbẹ."

Alága ní ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ òun, kò ní wọ ọkọ̀ kankan mọ́ nínú ẹgbẹ́. Ó ní kí Akọ̀wé yọ orúkọ gbogbo wọn.

"Ẹ yọ orúkọ wa. Apá wa ṣì wà níbi tó wà."

Ó jáde, àwọn obìnrin tó kù sì tẹ̀ lé e.

3.

Wọ́n lọ gbé ọkọ̀ ògbólógbòó tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ní ojútáyé ni wọ́n kó òkúta sínú rẹ̀ tí wọ́n rì í. Ọkùnrin kan tó ń kọjá bi wọ́n bóyá ẹja ni wọ́n fẹ́ bá díje. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu, bí ẹja bá fẹ́, kó wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n gbé ọkọ̀ Alága jáde láti inú gbọ̀ngàn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, bí ìyàwó tuntun. Alága ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láàárín ìlú; àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ní kí wọ́n wà á. Òun jókòó sí ìdí ọkọ̀ nínú aṣọ funfun. Àwọn obìnrin náà wa tiwọn wá síbi ìlà. Gẹ́gẹ́-Bí fi gbohùngbohùn kéde pé ọkọ̀ yẹn kò sí nínú eré. Wọn ò wojú ẹ̀. Bí fèrè ṣe dún, wọ́n ti àjẹ̀ bọ omi.

Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, àwọn obìnrin ni wọ́n wà níwájú. Lẹ́yìn wọn, Alága rí omi lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé bàtà sókè, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wà á lọ. Omi dé kókósẹ̀, ó dé orúnkún. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbọ́n ọn, omi ń fi gbogbo àlàfo wọlé. Ọkọ̀ náà rọra lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Àbúrò rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àsíá òpin eré kò jìnnà sí wọn mọ́. Ohun tí wọ́n ti ń lépa látọjọ́ yìí nìyẹn.

"Ẹ yí i," ó wí.

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n fa àwọn òṣìṣẹ́ jáde tán, wọ́n sì fa Alága.

4.

Ní etí odò, omi ṣì ń kán lára Alága nígbà tó nawọ́ sí ọkọ̀ tó gbé e wá. Ó ní ọkọ̀ yẹn kò gba àṣẹ, ìgbìmọ̀ yóò sì fìyà jẹ àwọn tó wà á.

Àbúrò rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká dá yín padà síbi tá a ti gbé yín ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì gbà á. Alága yíjú sí Akọ̀wé. Gẹ́gẹ́-Bí nu awò ojú rẹ̀, ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí àbúrò Alága ṣe wí."

Ni àwọn olórí ọkọ̀ yòókù, tí wọ́n ti dá eré dúró nígbà tí ọkọ̀ Alága rì, bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àmì ẹgbẹ́ kúrò lápá, wọ́n ń sọ ọ́ síwájú Alága lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ò ní wakọ̀ mọ́ lábẹ́ rẹ̀, àfi kí orúkọ àwọn obìnrin padà, kí Alága sì kúrò lórí àga. Ó kúrò. Kò sẹ́ni tó gba ife lọ́jọ́ náà, àmọ́ ní yàrá ìpàdé, ẹnì kan ti da bírò inú ife àtijọ́ nù, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ funfun náà ṣì wà nísàlẹ̀ odò. Ó ti wá mu omi yó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga, ẹ ṣọ́ra. Òfin tó dáàbò bo àwọn èèyàn yín, ẹ má fi ọ̀dà kùn ún mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ wọn, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ gbígbẹ, ẹ dìde, kẹ́ ẹ sọ pé rárá. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.