Láìsí Èmi, Ẹ̀rọ Kan Ò Gbọdọ̀ Jáde

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹnjiníà tó ń ṣe ẹ̀rọ fún oníbúrẹ́dì, ọlọ́ṣẹ, títí dé ọsibítù.

Àmọ́ èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Bí mo bá wọlé, ẹ̀rọ gan-an á máa gbọ̀n!

Ẹ̀rọ tòní ń fi ìdérí dé ìgò. Oníbàárà ti dúró. Tó bá kọṣẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo lọ́ ọ. Mo gbá a létí. Ó ṣì ń dé ìgò lọ ràì.

"Ó yege!" Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè.

Oníbàárà tẹrí ba fún mi. "Ọ̀gá, yunifásítì wo lẹ lọ?"

"Àbúrò mi ni, sà," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Fáànù, áyọ́ọ̀nù, ilẹ̀kùn, kò sóhun tó fọwọ́ kàn nílé wa tí kò bà jẹ́. Ẹ̀rọ tí eléyìí bá bà jẹ́ tì, ayé ò lè bà á jẹ́ mọ́."

Oníbàárà fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀, ó sì rọra sún fóònù ẹ̀ jìnnà sí mi.